Orí Keje: Ìrìn Ẹsẹ̀ ní Erékùṣù Èkó, láti Oníkàn dé Ìgá Ìdúngànràn

Erékùṣù Èkó kò tóbi bí òkìkí rẹ̀ ti tó. Ẹni tó bá gba ọ̀nà tààrà láti Oníkàn, ní ìhà ìlà-oòrùn, lọ sí Ìgá Ìdúngànràn, ààfin Ọba ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kò ní rìn tó kìlómítà mẹ́ta. Àmọ́ láàárín ibi kékeré yìí ni pápá tí Nàìjíríà ti gba òmìnira wà, ibẹ̀ ni ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn wà, ibẹ̀ ni ilé àwọn tó ti oko ẹrú Brazil àti Cuba bọ̀ wà. Níbẹ̀ náà ni mọ́ṣáláṣí kan wà tí Súlútáánì ilẹ̀ Tọ́kì rán aṣojú wá sí ayẹyẹ ṣíṣí rẹ̀, àti ààfin kan tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ oko ata nígbà kan rí. Ìrìn tí orí yìí dá lé lórí kò nílò afinimọ̀nà. Máàpù, bàtà tó rọrùn àti omi mímu ló nílò, pẹ̀lú ìmọ̀ tí arìnrìn-àjò ti kó jọ kí ó tó jáde nílé, torí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí ni kò ní pátákó kankan tó ń sọ ohun tí wọ́n jẹ́. Bí a bá ka gbogbo ibi tí ọ̀nà náà ti yà mọ́ ọn, ó tó nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún. Wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin tó fún ẹni tí kò bá kánjú.

Ìlú mẹ́rin nínú ìlú kan

Ẹni tí kò bá mọ bí Èkó ṣe pín láyé àtijọ́, ilé lásán ni yóò máa rí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀nà mẹ́rin ni ìlú náà pín sí. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ti àwọn ọmọ onílẹ̀, ìyẹn ọba, àwọn olóyè fìlà funfun àti ẹbí wọn. Olówógbowó, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, ni àwọn Sàró tẹ̀dó sí. Àwọn wọ̀nyí, tàbí òbí wọn, ni wọ́n já gbà nínú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, tí wọ́n kó lọ sí Sierra Leone, tí wọ́n sì padà wá pẹ̀lú ìwé kíkà àti ẹ̀sìn Krìstì. Pópó Àgùdà, ní àárín, ni ti àwọn tó ti Brazil àti Cuba dé. Marina, létí ọ̀sà, ni àwọn òyìnbó oníṣòwò, míṣọ́nnárì àti òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́lé sí.

Àwọn àbọ̀dé díẹ̀ ti ń wọlé tẹ́lẹ̀, àmọ́ ogun ló mú kí wọ́n pọ̀. Ní òpin oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ogun Àgídìngbì ni àwọn ará Èkó ń pe ogun náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní torí òwò ẹrú ni àwọn ṣe jà, ọ̀rọ̀ náà sì ní òótọ́ nínú; ṣùgbọ́n òwò epo pupa àti ẹnu ọ̀nà sí ilẹ̀ Yorùbá tó wà lọ́wọ́ Èkó wà lọ́kàn wọn pẹ̀lú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1852, Akítóyè fọwọ́ sí àdéhùn pé òwò ẹrú ti parí ní ìlú òun. Ọmọ rẹ̀, Dòsùnmú, ló jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861 ni Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ogun sì wà lójú ọ̀sà nígbà tó ń fọwọ́ sí i.

Ibi tí ìrìn bá ti bẹ̀rẹ̀ ló ń pinnu ohun tí yóò kọ́ni. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ààfin yóò máa bá ìtàn lọ síwájú, yóò sì parí rẹ̀ sí òmìnira 1960, bí ẹni pé torí ọjọ́ yẹn nìkan ni gbogbo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Ìdàkejì rẹ̀ ni orí yìí yàn. Oníkàn ni ẹsẹ̀ ti gbéra, kí ọdún lè máa rẹlẹ̀ sí i bí ọ̀nà ti ń lọ: òmìnira, lẹ́yìn náà ọgbà ẹ̀wọ̀n, lẹ́yìn náà àwọn àbọ̀dé, lẹ́yìn náà ọba. Kì í ṣe gbogbo ibùdúró ló bá ètò yìí mu pátápátá, torí pé ilé àtijọ́ àti ilé tuntun ti wọnú ara wọn ní Èkó. Síbẹ̀, ẹni tó bá gba ọ̀nà yìí yóò mọ̀ dájú, nígbà tó bá fi máa dé Ìsàlẹ̀ Èkó, pé ìlú ti wà, ó ní òfin, ó ní onílẹ̀, kí ọkọ̀ ogun kankan tó yọ. Ọ̀nà yìí rọrùn pẹ̀lú, torí pé àyè wà ní Oníkàn láti gbé ọkọ̀ sí, kò sì sí irú rẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà, ọjà tó wà nítòsí ààfin.

Ọjọ́ Àìkú ló dára jù. Lọ́jọ́ iṣẹ́, agboòrùn àwọn oníṣòwò àti ẹrù wọn ló máa ń bo ìsàlẹ̀ ilé mọ́lẹ̀ láti Tinúbú dé Ìdúmọ̀tà, èrò ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró gbójú sókè. Lọ́jọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀bù máa ń tì, ojú ògiri á sì hàn. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ wọ inú kàtídírà dúró kí ìsìn parí. Ẹni tí ọjọ́ Jímọ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ yẹra fún àgbègbè mọ́ṣáláṣí láti bí agogo méjìlá títí wọn yóò fi kírun tán.

Pé kò sí afinimọ̀nà kò sọ pé kò sí ará ilé. Ilé tí ènìyàn ń gbé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, àgbàlá wọn kì í ṣe ti ìjọba. Ẹni tó bá ní “Ẹ kú ilé o” kí ó tó yọ kámẹ́rà, tó dọ̀bálẹ̀ tàbí tó kúnlẹ̀ fún àgbà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, máa ń rí ju ohun tó wá wò lọ, torí pé àgbà náà gan-an ni yóò sọ ẹni tó kọ́lé, ọmọ ẹni tó jẹ́ àti ìlú tó ti wá. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lè béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tó ń ya àwòrán. Ohun tó dára ni kí arìnrìn-àjò wá àgbà kan kí, kí ó sọ ohun tó bá wá, kí ó tó gbé kámẹ́rà sókè rárá.

Oníkàn àti pápá òmìnira

Ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀ ní Oníkàn, tí Kenneth Murray dá sílẹ̀ ní 1957, ni ibùdúró àkọ́kọ́. Àwọn ère àti idẹ láti Ifẹ̀, Benin àti Nok wà níbẹ̀, àmọ́ ohun tó máa ń mú ènìyàn dákẹ́ ni ọkọ̀ dúdú tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed wà nínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n pa á ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì 1976. Ihò ọta ìbọn ṣì wà lára rẹ̀. Nítòsí ibẹ̀ ni ilé tuntun tó ń jẹ́ John Randle Centre, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá. Dókítà John Randle tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é jẹ́ ọmọ Sàró. Nígbà tí ìjọba amúnisìn kò gbà láti kọ́ odò ìwẹ̀ fún àwọn ọmọ Èkó, òun fúnra rẹ̀ ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ sí Oníkàn, kí àwọn ọmọ tí omi yí ìlú wọn ká lè mọ̀ ọ́n wẹ̀.

Rírìn díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, Gbàgede Tafawa Balewa, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní TBS, yọ pẹ̀lú ẹṣin funfun mẹ́rin àti ẹyẹ idì pupa méje lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Pápá eré ẹṣin ni tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ lóru ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 1960, tí àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun tí Táíwò Akínkúnmi yà gòkè dípò rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Alexandra, ọmọ ìdílé ọba Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé òmìnira lé Abubakar Tafawa Balewa lọ́wọ́. Gbàgede tó wà níbẹ̀ lónìí, ọdún 1972 ni wọ́n kọ́ ọ; ilẹ̀ ibẹ̀ ló lọ́jọ́ lórí, kì í ṣe kọ́ńkéré rẹ̀.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n tó di ọgbà ìtura

Láti TBS, ọ̀nà Catholic Mission gba iwájú King's College tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1909 kọjá, ó sì dé Kàtídírà Holy Cross. Ilé tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí, àwọn ọdún 1930 ni wọ́n kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìjọ náà ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí àlùfáà òyìnbó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó, ọkùnrin àbọ̀dé kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio ló ń kó àwọn Àgùdà jọ, tó ń bá wọn gbàdúrà, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe àlùfáà. Ẹ̀sìn Kátólíìkì ní Èkó kò dé láti ọwọ́ òyìnbó. Àwọn tí wọ́n ti jẹ́ ẹrú ló rù ú wálé.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, lójú ọ̀nà Broad Street, ni Freedom Park. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀. Àwọn ọdún 1880 ni ìjọba amúnisìn fi bíríkì tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá mọ odi rẹ̀. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Anthony Enahoro wà níbẹ̀ nígbà tiwọn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ẹ̀wọ̀n náà tì, ibẹ̀ di ààtàn, títí tí ayàwòrán-ilé Theo Lawson fi ya àwòrán ọgbà ìtura tí wọ́n ṣí ní 2010, nígbà tí Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún.

Ó yẹ kí arìnrìn-àjò pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, torí pé ọgbọ́n tí wọ́n fi tún un ṣe kò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Wọn kò wó gbogbo rẹ̀, wọn kò sì fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ojú ibi tí àwọn yàrá ẹlẹ́wọ̀n wà ni wọ́n tẹ̀ lé. Ẹni tó bá dúró sí ọ̀kan nínú àwọn ìsọ̀ tóóró tí wọ́n wà níbẹ̀, tó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, yóò mọ bí ibi tí wọ́n ń ti ènìyàn mọ́ ti fún tó. Orí ìtàgé ńlá tí àwọn olórin àti eléré ń lò, ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n gbé e kà. Wọ́n ń kọrin níbẹ̀, wọ́n ń jó níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ lọ́dọọdún. Èrò lè yàtọ̀ lórí bóyá ó yẹ kí ènìyàn máa jó níbi tí wọ́n ti so ènìyàn rọ̀. Èrò ìwé yìí ni pé ó yẹ, níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó ń jó bá mọ ibi tí ó dúró sí, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí wọ́n máa sọ ìtàn ibẹ̀ ketekete fún gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Pópó Àgùdà

Láti ibẹ̀, ìrìn náà yà sí àríwá, sí Igbóṣeré, òpópónà Bámgbóṣé, òpópónà Tòkunbọ̀ àti gbàgede Campos. Àgbègbè yìí ló jinlẹ̀ jù nínú gbogbo ìrìn, kò sì sí ẹnu ọ̀nà kan tí wọ́n ti ń san owó ìwọlé. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó, Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tàbí ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Bahia. Àwọn kan ra ara wọn padà. Àwọn kan, pàápàá àwọn Mùsùlùmí, ni wọ́n lé kúrò ní Bahia lẹ́yìn rògbòdìyàn tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí gbé dìde níbẹ̀ ní 1835. Ìdí nìyẹn tí orúkọ bíi da Silva, Pereira, da Costa, Martins àti Cardoso fi wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí àwọn Àgùdà kan sì jẹ́ Mùsùlùmí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n kó bọ̀: bíríkìlà, káfíńtà, télọ̀, alásè.

Ilé wọn ni arìnrìn-àjò gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń wò. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni púpọ̀ nínú wọn, ògiri wọn nípọn, amọ̀ tí wọ́n rẹ́ lójú dáadáa ni. Orí fèrèsé wọn kì í ṣe gbọọrọ. Ó tẹ̀ kọrọdọ, wọ́n sì fi òdòdó àti ewé tí wọ́n mọ yí i ká, nígbà mìíràn pẹ̀lú òpó tínrín lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìlẹ̀kùn fèrèsé, igi ni, ó ń ṣí síta. Bí wọ́n bá gba àlejò láyè láti wọlé, ohun tí yóò kọ́kọ́ rí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó la ilé já láti iwájú dé ẹ̀yìn, yàrá sì tò lọ́tùn-ún lósì. Ohun tó yàtọ̀ sí agbo ilé Yorùbá nìyí, níbi tí yàrá ti ń yí àgbàlá ká. Àwọn bíríkìlà Àgùdà àti àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn gbé irú ilé yìí jáde kúrò ní Èkó. Nígbà tí owó kòkó dé, ẹni tó bá fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun ti là ní Ìbàdàn, Iléṣà tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, irú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí ló ń kọ́. Ọmọ Yorùbá púpọ̀ tí wọ́n dàgbà nínú ilé bàbá bàbá wọn ni wọ́n ti gbé nínú iṣẹ́ ọwọ́ Bahia láìmọ̀.

Bí ìrìn bá bọ́ sí àsìkò Àjíǹde, ojú àdúgbò á yí padà. Lọ́jọ́ Ẹtì Rere, wọ́n máa ń se frejon, ìyẹn ẹ̀wà tí wọ́n sè, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n fi omi àgbọn pò, wọ́n sì máa ń fi ẹja jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni Fàǹtí, ìyẹn ìwọ́de ijó àwọn Àgùdà, á jáde pẹ̀lú aṣọ aláràbarà, fèrè àti ìlù, tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan (Campos, Láfíàjí, Òkè Pópó, Ẹpẹtẹdó) á máa fi aṣọ tirẹ̀ díje.

Láti Campos padà sí gúúsù, òpópónà Kákáwá ni Ilé Omi wà. João Esan da Rocha, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n jí gbé ní kékeré tí wọ́n tà sí Brazil, ló kọ́ ọ lẹ́yìn tó padà dé ní àwọn ọdún 1870 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ Candido, tí wọ́n bí sí Bahia ní 1860. Kànga wà nínú àgbàlá ilé náà. Nígbà yẹn, omi mímu tó mọ́ ṣọ̀wọ́n ní erékùṣù tí omi iyọ̀ yí ká, àwọn da Rocha sì ń ta omi kànga wọn fún ará ìlú. Candido di ọ̀kan nínú àwọn olówó tí òkìkí wọn kàn jù ní Èkó, ó sì pẹ́ láyé títí di 1959. Ìtàn ilé yìí ni òǹkọ̀wé ọmọ Brazil, Antonio Olinto, fi ṣe ìpìlẹ̀ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, A Casa da Água, tó jáde ní 1969.

Ọ̀rọ̀ omi yìí ló so Kákáwá pọ̀ mọ́ ibi tí ìrìn yóò parí sí. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fa omi ẹ̀rọ wá láti Ìjù, tí wọ́n sì fẹ́ kí ará Èkó máa san owó orí lé e, ìlú fárígá ní 1908. Wọ́n ní àwọn ti ń mu omi kànga tiwọn, àwọn òyìnbó Marina ló ń fẹ́ omi ẹ̀rọ. Ọba Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀, tó wà ní Ìgá Ìdúngànràn, kò gbè sẹ́yìn ìjọba, Herbert Macaulay sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Àjọṣe àwọn méjèèjì ló wá gbé ìṣèlú Èkó ró fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Marina, Tinúbú àti ilé tí kò sí mọ́

Kàtídírà ti Ìjọ Áńgílíkà ní Marina kò jìnnà sí Kákáwá. Ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó wá di Edward Kẹjọ ló fi òkúta ìpìlẹ̀ ilé tó wà níbẹ̀ lélẹ̀ ní oṣù Kẹrin 1925, wọ́n sì kọ́ ọ parí ní 1946. Ohun ìrántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther wà nínú rẹ̀. Thomas Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips fi dùùrù ibẹ̀ sin ìjọ láti 1914 di 1962. Òun ló tẹnu mọ́ ọn pé ohùn orin gbọ́dọ̀ bá ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá mu, kí ìjọ má bàa máa fi orin òyìnbó yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà lẹ́nu. Marina fúnra rẹ̀, etí omi gan-an ni nígbà kan. Wọ́n ti kó iyẹ̀pẹ̀ dí ọ̀sà síwájú, ọ̀nà ńlá sì ti dúró láàárín òun àti omi.

Ìta Tinúbú ni ìrìn náà yà sí lẹ́yìn èyí. Ẹfúnróyè Tinúbú, obìnrin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ibẹ̀, ta tábà, ìbọn àti epo, ó sì ta ẹrú pẹ̀lú; kò yẹ kí ìwé ẹ̀kọ́ kankan fi èyí pamọ́. Ó ti Akítóyè àti Dòsùnmú lẹ́yìn, agbára rẹ̀ sì pọ̀ débi pé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe ọ̀tá, tí wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1856. Abẹ́òkúta ló lọ, ó di Ìyálóde níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1887. Ẹ̀rọ omi tó ń tú sókè ní àárín gbàgede náà, ẹ̀bùn àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń gbé Èkó ni, fún òmìnira 1960.

Létí gbàgede yìí ni ibùdúró kan wà tí kò ní ilé. Ilé Ilọ́jọ̀, tí àwọn kan ń pè ní Ilojo Bar, ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdílé Fernandez ló ni ín ní 1855, wọ́n fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ilé ọtí àti ilé oúnjẹ. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Ní 1956 ìjọba kéde rẹ̀ pé ó di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, èyí tó túmọ̀ sí pé òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ Àìkú, 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n fi ẹ̀rọ wó o palẹ̀. Fèrèsé rẹ̀ tó tẹ̀ kọrọdọ, igi àtẹ̀gùn rẹ̀, ọgọ́jọ ọdún ó lé kan, ọjọ́ kan ló gbà.

Ó yẹ kí arìnrìn-àjò dúró níbẹ̀ bó ṣe dúró níwájú ilé tó ṣì wà. Àwòrán Ilé Ilọ́jọ̀ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó ṣí ọ̀kan, kí ó wá igun ọ̀nà tí wọ́n ti yà á, kí ó wo ohun tó wà níbẹ̀ báyìí. Ilé àtijọ́ kì í wó torí ọjọ́ orí nìkan ní Èkó. Owó ilẹ̀ ti wọ́n jù, ọmọ ẹbí ti pọ̀ jù lórí ilé kan, àtúnṣe ògiri amọ̀ sì gba oníṣẹ́ tí kò pọ̀ mọ́. Òfin lè kọ orúkọ ilé sínú ìwé. Bí kò bá sí ìrànwọ́ owó fún ẹbí tó ni ín, ìwé náà kò lè dá ẹ̀rọ kátapílà dúró. Ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ gbọ́dọ̀ mọ èyí dáadáa, torí pé ọjà rẹ̀ ni wọ́n ń wó.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey

Ní òpópónà Martins, láàárín àwọn ìsọ̀ aṣọ, ni mọ́ṣáláṣí tó lẹ́wà jù ní Erékùṣù Èkó wà. Mohammed Shitta, tó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ, Sierra Leone ni wọ́n ti bí i, sí ìdílé Yorùbá. Òwò obì àti àwọn ọjà mìíràn títí dé odò Ọya ló sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Bíríkìlà Àgùdà tó ń jẹ́ João Baptista da Costa ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Nípa bẹ́ẹ̀, Sàró tó jẹ́ Mùsùlùmí ló sanwó, ọmọ Brazil ló mọ ọ́n, ilẹ̀ Èkó ló sì dúró lé. Wọ́n ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1894. Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀, Abdullah Quilliam sì ti Liverpool wá gẹ́gẹ́ bí aṣojú Súlútáánì Abdul Hamid Kejì, ẹni tó fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Ọdún kan péré ló lò lẹ́yìn náà, ó kú ní 1895.

Iwájú mọ́ṣáláṣí náà ni kí ojú kọ́kọ́ sinmi lé. Òdòdó àti ewé tó wà lára àwọn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Pópó Àgùdà náà ló tún yọ níbí, lókè ẹnu ọ̀nà àti lára òpó, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ tó ń tàn. Ẹni tó ti wo Pópó Àgùdà dáadáa kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé ọwọ́ kan náà ni. Àlejò gbọ́dọ̀ bọ́ bàtà, obìnrin gbọ́dọ̀ borí, kí wọ́n sì gba àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí kí wọ́n tó wọlé.

Ìsàlẹ̀ Èkó

Òpópónà Nnamdi Azikiwe gba iwájú Mọ́ṣáláṣí Gbogbogbòò kọjá, ó sì já sí Ìdúmọ̀tà. Ọjà ni gbogbo ibẹ̀, aṣọ, fíìmù, oògùn, bàtà, ẹsẹ̀ kì í sì í rọrùn níbẹ̀ àfi lọ́jọ́ Àìkú. Lẹ́yìn ọjà ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún, tí ó ń yí kọ́rọkọ̀rọ, tí àwọn ìgá àwọn olóyè sì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn òyìnbó ló la Marina àti Broad Street ní gbọọrọ. Àwọn ọ̀nà Ìsàlẹ̀ Èkó ń tẹ̀ lé ilẹ̀ ìdílé kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá wo máàpù yóò rí ààlà ìlú méjèèjì láìsí pé ẹnikẹ́ni fà á fún un.

Ẹnu Ọ̀wá jẹ́ ibi ọ̀wọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ètò ìfọbajẹ máa ń kàn. Ìta gbangba kékeré ni, arìnrìn-àjò lè gbà á kọjá láìmọ̀. Lọ́jọ́ Àdámú Òrìṣà, ọ̀nà yìí di funfun fún Ẹ̀yọ̀, tí wọ́n mú ọ̀pámbàtà lọ́wọ́, tí agbádá wọn ń wọ́lẹ̀. Èèwọ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe fún ọmọ Èkó nìkan: kò sí bàtà lẹ́sẹ̀, kò sí sìgá, kò sí kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà, obìnrin kò sì gbọdọ̀ di ṣùkú kọjá níwájú Ẹ̀yọ̀. Kì í ṣe ọdọọdún ni Ẹ̀yọ̀ ń jáde. Nítorí rẹ̀, ẹni tó ń gbèrò ìrìn yìí gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ọjọ́ rẹ̀ kò bọ́ sí ti Ẹ̀yọ̀, torí pé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ìrìn afẹ́ kò sí. Wíwo Ẹ̀yọ̀ ló kù.

Ìgá Ìdúngànràn ni òpin. Ìtàn Èkó sọ pé oko ata Àrómirẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ọlọ́fin, olórí ayé àtijọ́ kan, ni ilẹ̀ náà kí ó tó di ààfin. Àwọn ọmọ Ọlọ́fin ni Ìdẹ́jọ, àwọn olóyè fìlà funfun tó ni ilẹ̀, wọ́n sì wà títí dòní. Ìdí nìyẹn tí ọba fi wà lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ tirẹ̀, tí ẹjọ́ ilẹ̀ ní Èkó sì máa ń padà sí ìtàn àwọn ọmọ Ọlọ́fin. Nígbà tí Èkó ń bá àwọn ará Pọ́túgà ṣòwò, àwọn wọ̀nyí kó ohun ìkọ́lé wá, wọ́n sì fi tún ààfin ṣe. Owó ẹrú wà nínú rẹ̀. Apá tuntun tó kọjú sí ìta ni wọ́n kọ́ ní àsìkò òmìnira, nígbà Ọba Adéníji Adélé Kejì, bẹ́ẹ̀ ni ọdún 1960 tí ìrìn yìí fi sílẹ̀ ní TBS tún pàdé rẹ̀ níbí, lára ilé tó ti wà kí àsíá Gẹ̀ẹ́sì tó dé.

Níbí ni ìjọba ti wá gba oyè lọ́wọ́ Èṣùgbàyí Ẹlẹ́kọ̀ ní 1925, tí wọ́n kó o lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹjọ́ rẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1931 ó padà wọ Èkó, ìlú sì tú jáde láti pàdé rẹ̀. Ní 1928, láàárín wàhálà yìí kan náà, ni wọ́n sọ Macaulay sí ẹ̀wọ̀n.

Kò sí àyè fún àlejò láti wọ inú ààfin láìgba ìyọ̀ǹda. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ̀wé ṣáájú. Láti ìta, a lè wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀, a sì lè kí àwọn tó wà níbẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ èrò wà ní Ìdúmọ̀tà tó ń gba afárá Carter lọ sí Èbúté Mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀ ojú irin yóò padà sí Marina, níbi tí ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023 ti ń gbéra lọ sí Mile 2.